Ìpáàrà àti Iná Nínú Iṣan Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Kòkó Lè Ṣe, Ohun Tí Kò Lè Ṣe



Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì padà sí Ìdànrè. Wọ́n á ní, "Prof, a gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti rí i pé kòkó ń tún iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe. Àwa la ń gbìn ín. Kí ló wá dé tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ń dà wá láàmú báyìí?" Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ àwọn mìíràn ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ti ra oògùn inú ìgò tí wọ́n kọ "antioxidant" sí lára lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú ọkọ̀ èrò, wọ́n sì ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún wọn tì. Nítorí irú wọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èsì mi ní ṣókí. Nǹkan méjì ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láti inú wá: ọ̀kan dà bí ìpáàrà, èkejì dà bí iná. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ní ohun tó ń dá wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá mú ohun tó ń dá wọn sílẹ̀ kúrò, ìgò oògùn kankan ò lè gbà á. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ju páìpù lọ

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé iṣan ẹ̀jẹ̀ dà bí páìpù omi: ọ̀rá á dí i, omi ò ní kọjá mọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun abẹ̀mí ni iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹran tó lè fún pọ̀, tó sì lè tú. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fara kàn án, awọ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́ gan-an, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ìnípọn rẹ̀. Oníbodè ni mo máa ń pe awọ yìí, torí òun ló ń mọ ohun tó máa wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí kò ní wọlé.

Ní 1980, Robert Furchgott àti John Zawadzki ní Brooklyn, ìlú New York, kọ ìròyìn kan jáde tó yí èrò gbogbo ènìyàn padà. Iṣan ńlá inú ara ehoro ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kán kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine sí i. Bí oníbodè bá wà ní pípé, iṣan náà á tú. Bí wọ́n bá ti ha oníbodè dànù, iṣan náà ò ní tú mọ́, àní bí wọ́n tilẹ̀ kán kẹ́míkà kan náà sí i. Ìyẹn ni pé oníbodè ló ń ránṣẹ́ sí ẹran iṣan pé kó tú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n mọ̀ pé gáàsì kan tó ń jẹ́ nitric oxide ni iṣẹ́ náà. Ní 1998, Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni nitric oxide ń ṣe. Ó ń tú iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ. Kì í sì í jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara iṣan láìnídìí. Àmọ́ kì í pẹ́ rárá. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti tán. Nítorí náà, oníbodè gbọ́dọ̀ máa ṣe tuntun ní gbogbo ìgbà, tọ̀sán-tòru. Ibi tí ọ̀tá ti ń rí i mú nìyẹn.

Ìpáàrà: nígbà tí ọ́síjìn bá ṣìnà

Ọ́síjìn la fi ń wà láàyè. Sẹ́ẹ̀lì wa ń fi í dáná oúnjẹ tí a jẹ, kó lè di agbára. Àmọ́ bí a bá ń dáná, ẹ̀ta-iná díẹ̀ á máa ta jáde. Àwọn ẹ̀ta-iná yìí ni mólékù ọ́síjìn tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ò ní ìkejì. Ẹ fi wé ẹni tí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan sọnù lọ́jà: ó já ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà, onítọ̀hún náà já ti ẹlòmíràn gbà, kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ọjà ti dàrú. Free radical ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìwé.

Ara wa ò gọ̀ o. Ó ní àwọn ọlọ́dẹ tirẹ̀ tó ń mú irú àwọn jàǹdùkú bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run sì dá díẹ̀ lára jàǹdùkú yìí fún iṣẹ́ rere: sẹ́ẹ̀lì funfun ń lò wọ́n láti fi pa kòkòrò àrùn. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ ju agbára àwọn ọlọ́dẹ lọ ni wàhálà dé. Ohun tí a ń pè ní oxidative stress nìyẹn. Ìpáàrà ni mo ń pè é ní tèmi, torí pé ọ́síjìn yìí kan náà ló ń jẹ àdá tí a bá gbàgbé sóko.

Ní ti iṣan ẹ̀jẹ̀, èyí tó burú jù nínú àwọn jàǹdùkú náà ń jẹ́ superoxide. Bó bá ti pàdé nitric oxide báyìí, wọ́n á so pọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì di ohun mìíràn tó tún lóró ju superoxide fúnra rẹ̀ lọ. Oníbodè ránṣẹ́, iṣẹ́ ò dé. Iṣan ò tú. Ẹ̀jẹ̀ ń ru. Onítọ̀hún ò sì mọ nǹkan kan.

Iná: nígbà tí àwọn sójà ara bá dé

Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ lóko, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á máa ro yín. Àwọn sójà ara ló dé síbẹ̀ láti jagun. Inflammation ni oníṣègùn ń pe èyí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ogun parí, àwọn sójà lọ ilé, ẹsẹ̀ jiná. Iná tó dára nìyẹn.

Iná inú iṣan yàtọ̀. Ọ̀rá kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, LDL ni orúkọ rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, tàbí bí oníbodè bá ti fara pa, ọ̀rá yìí á yọ́ kọjá, á lọ dúró sábẹ́ awọ iṣan. Níbẹ̀ ni ìpáàrà ti máa bá a. Bí ìpáàrà bá ti jẹ ẹ́, ara ò dá a mọ̀ mọ́, ó di àjèjì. Oníbodè á ké gbàjarè, àwọn sójà á wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rá náà mì. Wọ́n á gbé e mì títí wọ́n á fi kún bámúbámú, tí wọn ò ní lè rìn mọ́. Níbi tí wọ́n wó sí, wọ́n tún ń ké pe àwọn sójà mìíràn, wọ́n sì ń tu superoxide jáde bí wọ́n ṣe ń jà. Ẹ rí i báyìí: ìpáàrà ló dá iná sílẹ̀, iná tún ń dá ìpáàrà kún ìpáàrà. Bó ṣe ń yí po nìyẹn fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún.

Kò ní dùn yín. Ẹ má retí pé ó máa ro yín bí ti ẹ̀gún. Ohun tó ń pa àwọn èèyàn wa gan-an nìyí, torí àwa gbà pé ohun tí kò bá dun ni kì í ṣe àrùn.

Pẹ̀lú àkókò, ìṣù ọ̀rá kan á dì síbẹ̀, ara á sì fi awọ bò ó. Iná inú rẹ̀ á máa jẹ awọ yẹn lábẹ́lẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á dì lójú ibẹ̀ bí ìgbà tí ó ń dì lójú egbò, á sì dí ọ̀nà pa. Bó bá jẹ́ iṣan ọkàn ni, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Rọpárọsẹ̀ mìíràn tún wà, èyí tí iṣan kékeré inú ọpọlọ ti bẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ. Iyẹn wọ́pọ̀ láàárín wa.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Prof, ṣé iná yìí ló fà á lóòótọ́, àbí èéfín lásán ni?" Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 dá a lóhùn. CANTOS ni wọ́n pè é. Wọ́n kó ènìyàn 10,061 tó ti ní ìkọlù ọkàn rí, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé iná ṣì ń jó lára wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn canakinumab, èyí tó ń pa ẹnu ọ̀kan lára àwọn tó ń ké pe sójà dé. Oògùn náà ò fọwọ́ kan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Síbẹ̀, láàárín àwọn tó gba ìwọ̀n 150 mg, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó ti ibẹ̀ wá fi ìdá 15 nínú 100 dín kù. Iná náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó gba oògùn yẹn kú nípa àkóràn ju àwọn tí kò gbà á lọ, torí sójà ara tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ ló yẹ kó bá kòkòrò jà. Ọ̀nà àbáyọ tiwa kọ́ nìyẹn. Kí a má dáná náà rárá ló sàn.

Kí ló ń dá iná náà nílẹ̀ wa?

Nílẹ̀ wa níbí, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó, ìlú tó múlé ti wa, ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará oko àti ará ìlú ní Nàìjíríà kí ó tó di 1970. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú wọn gbé ìwádìí SIREN jáde. Wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe wájú. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ bíbù sórí oúnjẹ tó ti jinná, àrùn ọkàn, ìjókòó sójú kan, àti sìgá.

Bí ẹ bá wo àwọn nǹkan yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ń gba ọ̀nà ìpáàrà àti iná wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára gbá ara iṣan ń mú kí oníbodè fúnra rẹ̀ máa ṣe superoxide. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá inú ikùn ńlá ń rán àwọn olùké-gbàjarè sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ti sìgá, ẹ̀ta-iná ni èéfín rẹ̀ gbé wá láti ìta.

Èéfín igi ìdáná náà ńkọ́? Wọ́n ṣe ìwádìí kan nílùú Ìbàdàn lórí àwọn aboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹ̀rósíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, èyí tí kì í rú èéfín. Apá kejì ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí ìwádìí parí, nínú àwọn tó ń bá igi àti kẹ̀rósíìnì lọ, ìdá 6.4 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru; nínú àwọn tó gba sítóòfù tuntun, ìdá 1.9 péré ni. Ní 2017 ni èsì náà jáde. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ̀ ń dáná lábẹ́ àtíbàbà oko kòkó, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ.

Kòkó wá ńkọ́?

Ohun kan wà nínú kòkó tí ń jẹ́ flavanol. Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Hollenberg ti Harvard ṣàkíyèsí àwọn ará Kuna ní erékùṣù San Blas, orílẹ̀-èdè Panama. Wọ́n ń mu kòkó lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í ru bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àmọ́ àwọn ará wọn tó ṣí lọ sí ìlú ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru mú wọn bí ó ṣe ń mú gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n yẹ flavanol wò, wọ́n rí i pé ó ń mú kí oníbodè túbọ̀ máa ṣe nitric oxide. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń ran oníbodè lọ́wọ́. Iye tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kéré jù láti máa gbá jàǹdùkú kiri.

Ìwádìí ńlá tó tẹ̀ lé e ni COSMOS, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Àgbàlagbà 21,442 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n lò. Àwọn kan ń gbé oníhóró tó ní 500 mg flavanol kòkó mì lójúmọ́, àwọn yòókù ń gbé èyí tí kò ní nǹkan kan nínú mì. Ní ti gbogbo àrùn ọkàn àti iṣan lápapọ̀, ìyàtọ̀ tó wà ò tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Àmọ́ ikú tí àrùn ọkàn àti iṣan ń fà fi ìdá 27 nínú 100 dín kù. Ìròyìn rere ni, ó sì tó kí wọ́n máa bá ìwádìí lọ. Kò tó láti sọ pé kẹ́nikẹ́ni fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Àwa àgbẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe kòkó. A ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ká tó sá a sóòrùn. Ibẹ̀ ni flavanol ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí wọ́n bá yan án nílé iṣẹ́, ó tún lọ. Bí wọ́n bá fi kẹ́míkà pa kíkorò rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù tún lọ. Ohun tó kù nínú agolo tí a ń pò mọ́ omi gbígbóná, pẹ̀lú ṣúgà àti mílíìkì, kì í ṣe ohun tí wọ́n lò ní COSMOS rárá. Ṣúgà ibẹ̀ sì tún ń dáná.

Ìgò oògùn antioxidant ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí HOPE, tó jáde ní 2000, fún ènìyàn tó lé ní 9,500 ní fítámì E tàbí oníhóró òfìfo fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Kò dín ìkọlù ọkàn kù, kò dín rọpárọsẹ̀ kù. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní beta-carotene. Àwọn tó gbà á ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn tí kò gbà á lọ. Kí ló fà á? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò, tó ń gbọ́n omi dànù láìkan òrùlé, ìgbà wo ni yóò gbọ́n ọn tán?

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bí ara yín tilẹ̀ le bí òkúta Òkè Ìdànrè. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, ẹ rí dókítà. Bó bá fún yín lóògùn, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé kí ẹ dá a dúró. Àwọn kan lára oògùn yẹn, bíi lisinopril, ń dí ọ̀nà tí superoxide ń gbà pọ̀ sí i nínú iṣan. Antioxidant tó ṣiṣẹ́ gan-an lè wà nínú páálí tí ẹ gbàgbé sórí àpótí.

Ẹ jẹ ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, gbúre, ẹ máa pa wọ́n dà. Ewé tútù bíi tẹ̀tẹ̀ ní ohun kan tí ara ń sọ di nitric oxide. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo púpurú yín ju ẹran lọ. Ẹ má bu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti jinná. Ẹ má máa fi epo kan dín àkàrà títí yóò fi dúdú; epo tí a ń tún dín ti dípẹtà kí a tó jẹ ẹ́. Ẹ wá ọ̀nà kí èéfín jáde kúrò nílé ìdáná. Ẹ fi sìgá sílẹ̀.

Ẹ máa rìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sáré kọjá lára oníbodè nígbà tí a bá ń rìn, ó ń jí i pé kó ṣe nitric oxide. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600, àwọn àlejò ń sanwó kí wọ́n tó gùn ún. Àwa tó ni òkè, ọ̀kadà la fi ń lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí èémí ò tó, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè. Ilẹ̀ títẹ́jú náà dára.

Èyí tó kẹ́yìn: bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá rẹ̀ kan kò lè gbéra, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ọfà ni wọ́n ta á. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e kiri. Wákàtí tó bá lọ, apá kan nínú ọpọlọ ló bá a lọ.

Ẹ̀yin tí mo kọ́, tí ẹ wà nílé ìwòsàn káàkiri báyìí, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá kọ oògùn tán, ẹ lo ìṣẹ́jú márùn-ún sí i láti fi èdè abínibí sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe fún aláìsàn. Ẹni tó bá mọ̀ pé iná ń jó nínú iṣan òun, bí kò tilẹ̀ dùn ún, kì í tètè pa oògùn tì.